Akéwì Igbó Ilẹ̀ Ọsirélíà: Ìgbé-ayé àti Orísun Andrew Barton Paterson

ORÍ KẸJỌ

Ète ẹ̀kọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní igbó àti ohun tí a ń pè ní ewì igbó;
(b) sọ ìtàn ìgbé-ayé A. B. Paterson láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀;
(d) fi hàn bí ilé tí a bí i sí, ilé ìyá àgbà rẹ̀ àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ṣe hàn nínú ewì rẹ̀;
(e) sọ ohun tí òun àti Henry Lawson jọ ń fà lórí igbó.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a bá pè ní ará oko kì í sábà yọ̀ sí orúkọ náà, nítorí pé ẹnu ará ìlú ni ó ti ń jáde, tòun ti ẹ̀rín ẹ̀gàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ará ìlú kan náà yóò fi ebi sùn bí ará oko kò bá dé ọjà. Irú gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó bẹ́ẹ̀ ti wà láàrin ìlú àti oko ní ilẹ̀ Ọsirélíà láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti tẹ̀dó síbẹ̀, ọkùnrin tí orí yìí sì dá lé lórí wà lára àwọn tí ó sọ orúkọ ará oko di oríkì níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará ìlú tí kò mọ bí a ti ń di ẹṣin ní gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn ṣe ọmọ darandaran.

Ohun tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní igbó gbòòrò ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún lẹ́nu wa lọ. Kì í ṣe ibi tí igi pọ̀ sí nìkan. Gbogbo ibi tí kì í ṣe ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ òkè olókùúta, ìbáà jẹ́ pápá koríko, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í sábà rọ̀ sí, tàbí oko ẹran tí ènìyàn lè gun ẹṣin lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó má tíì kan ààlà rẹ̀, igbó ni wọ́n ń pè é.

Ewì igbó ni ewì onítàn tí a ṣe nípa ìgbé-ayé àwọn ènìyàn inú igbó náà, ní irú èdè tí àwọn fúnra wọn ń sọ, tí a sì ṣe kí ó lè ṣeé ké sókè lẹ́bàá iná ní alẹ́, nínú àgọ́ àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn, tàbí ní ilé ọtí. Ìtàn ni eegun rẹ̀. Ìparí ìlà kan a máa bá ìparí ìlà mìíràn dọ́gba ní ìró, ìlù rẹ̀ a sì máa lọ létòlétò, èyí tí ó mú kí ó rọrùn láti há sórí. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì àti Írẹ́láńdì wà lára àwọn tí ó gbé irú orin onítàn bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ náà. Adam Lindsay Gordon, ẹlẹ́ṣin tí ó kú ní ọdún 1870, sì ti ń kọ ewì bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí à ń sọ yìí tó mú gègé.

Oko ọ̀sìn ni ilẹ̀ ńlá tí a fi ń sin àgùntàn tàbí màlúù. Ọlọ́sìn ńlá ni ẹni tí ó ni ín. Darandaran ń da agbo ẹran láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Alárìnkiri ni òṣìṣẹ́ tí ó ká aṣọ ìbora rẹ̀ jọ, tí ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti oko ọ̀sìn kan dé èkejì láti wáṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá rí lè rò pé akéwì igbó yóò dà bí ọdẹ tí ń sun ìjálá, ẹni tí ó mọ ẹranko àti ewéko nítorí pé ara wọn ni ó ti ń jẹun. Ti Paterson kò rí bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ni, àárín ìlú Sydney ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ìwé gbèsè ni ó kún orí tábìlì rẹ̀, àwọn ọdún tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ni ó sì kọ èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ewì rẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni a óò máa tọpasẹ̀ rẹ̀.

2. Ilẹ̀ náà kí ó tó di ewì

Ilẹ̀ Ọsirélíà ní onílẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ fún ohun tí ó tó 50,000 ọdún, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó ẹlẹ́wọ̀n dé ní ọdún 1788. Agbègbè Orange, níbi tí a bí Paterson sí, ilẹ̀ àwọn Wiradjuri ni. Ewì igbó kì í sábà sọ̀rọ̀ wọn, bí ó bá sì sọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó máa ń fi wọ́n sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ó bá ń kà nípa pápá tí ó ṣófo, nítorí pé pápá náà kò ṣófo rí.

Irun àgùntàn ni ó kọ́kọ́ sọ New South Wales di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1851, ariwo wúrà ta, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ya wọ ibẹ̀. Nígbà tí wúrà ojú ilẹ̀ ń tán lọ, àwọn tí ó wá wà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ tí wọn yóò fi dáko. Òfin tí John Robertson gbé kalẹ̀ ní ọdún 1861 fún ẹnikẹ́ni láyè láti yan ilẹ̀ díẹ̀ nínú ilẹ̀ ìjọba tí àwọn ọlọ́sìn ńlá ti ń jẹ ẹran lórí rẹ̀, kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjà dé nìyẹn. Àwọn ọlọ́sìn ńlá ń fi orúkọ ẹlòmíràn gba ilẹ̀ tí omi wà, àwọn àgbẹ̀ kékeré ń já wáyà ọgbà wọn, ọ̀rọ̀ a sì máa dé kóòtù. Inú ìdílé ọlọ́sìn ni a bí Paterson sí, àmọ́ nínú àwọn ọlọ́sìn tí nǹkan kò ṣẹnuure fún, ìdí sì nìyí tí ewì rẹ̀ kì í fi í gbè sẹ́yìn apá kan tán pátápátá.

3. Ìbí àti ìgbà èwe (1864–1874)

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1864 ni a bí ọmọ náà ní Narrambla, nítòsí Orange; wọ́n sọ ọ́ ní Andrew nítorí bàbá rẹ̀, Andrew Bogle Paterson, tí ó ti Lanarkshire ní Skọ́tíláǹdì wá, wọ́n sì fi Barton kún un nítorí ìdílé ìyá rẹ̀, Rose Isabella Barton, tí a bí ní Ọsirélíà. Ìdílé yìí bá Edmund Barton tan, ẹni tí ó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ fún Ọsirélíà nígbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ ibẹ̀ para pọ̀ ní ọdún 1901. Ọmọ méje ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́bí. Barty ni wọ́n ń pè é nínú ilé.

Oko ọ̀sìn Buckinbah, nítòsí Yeoval, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Bó pẹ́ títí, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀: nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, omíyalé gbé irun àgùntàn tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ọdún kó jọ lọ, ó sì di dandan kí wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ikú àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá a máa tú agboolé ká níbòmíràn, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ikú John Paterson, arákùnrin bàbá rẹ̀, ni ó ṣí ọ̀nà fún wọn láti kó lọ sí oko Illalong, ní ẹkùn Yass.

Ibi tí Illalong wà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wò dáadáa. Ojú ọ̀nà ńlá tí ó ti Sydney lọ sí Melbourne kò jìnnà sí ibẹ̀, ohun gbogbo tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní apá ibẹ̀ ni ó sì ń gba ojú ọmọ yìí kọjá: ọmọlanke ńláńlá tí ọ̀wọ́ màlúù ń fà, tí irun àgùntàn kún inú wọn; kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti Cobb & Co. tí ń kó èrò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ oníbọn tí ń sin wúrà lọ sí ìlú. Àwọn darandaran tí eruku ti bo láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ eré ẹṣin bá pé, àwọn ẹlẹ́ṣin a ti etí odò Murrumbidgee àti orí àwọn òkè Snowy wá, pẹ̀lú ẹṣin tí kò dára lójú ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ bí ti ewúrẹ́ lórí àpáta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí ó bá jókòó sórí odi ọgbà láti máa wo irú nǹkan báwọ̀nyí lójoojúmọ́ kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un ohun tí ẹṣin jẹ́.

Obìnrin kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílé láti máa kọ́ ọ níwèé. Nígbà tí ó tó ẹni tí í dá ẹṣin kékeré gùn, ó ń gun ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Binalong, ilé ẹ̀kọ́ àárín igbó níbi tí ọmọ ọlọ́sìn àti ọmọ òṣìṣẹ́ ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti mọ ohùn tí a ń gbọ́ nínú ewì rẹ̀ lẹ́yìn náà.

4. Ìyá àgbà, ìdánwò tí ó já, àti ìwé òfin

Ní ọdún 1874, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n rán an lọ sí Sydney Grammar School. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Emily May Barton, ni ó ń gbé, nínú ilé kan tí a ń pè ní Rockend ní Gladesville, létí odò Parramatta. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: obìnrin yìí kàwé púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ a máa kéwì, ó sì ṣòro kí ọmọ tí ó bá gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ jáde kí ó má mọ adùn ọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, igbó fún Paterson ní ìtàn, ìyá àgbà sì fún un ní ọgbọ́n tí yóò fi sọ ọ́.

Ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 16. Ó ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Yunifásítì Sydney, ó já. Ó wá di akọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ó ń da ìwé òfin kọ láti àárọ̀ dé alẹ́, títí a fi gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1886. Lẹ́yìn náà òun àti John Street dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Street and Paterson. Ẹni tí ó bá ronú sí i yóò rí i pé gbogbo ohun tí ó fẹ́ràn jù lọ láyé ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọmọ ọdún 22.

5. Ìwé ìròyìn kan àti orúkọ ẹṣin kan

Ní ọdún 1880, J. F. Archibald àti John Haynes dá ìwé ìròyìn *The Bulletin* sílẹ̀ ní Sydney. Ìwé náà gbóná: ó ń gbèjà pé kí Ọsirélíà dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń fi àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń gba ìtàn àti ewì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kọ ọ́, ìbáà ṣe ẹni tí ń rẹ́ irun àgùntàn. Wọ́n ń kà á jìnnà dé inú igbó, débi pé àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ ní Bíbélì àwọn ará igbó.

Ibẹ̀ ni ewì àkọ́kọ́ tí Paterson fi ránṣẹ́ ti jáde ní oṣù Kejì ọdún 1885. Kò sí igbó nínú rẹ̀ rárá: ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu bí New South Wales ṣe ń rán ọmọ ogun lọ ran àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú ogun ní ilẹ̀ Sudan. Nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ṣẹ́ òfin kò lè máa fi orúkọ ara rẹ̀ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó wá orúkọ ìkọ̀wé, èyíinì ni orúkọ tí òǹkọ̀wé fi ń bo ojú bí eégún. “The Banjo” ni ó mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun èlò orin ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹṣin kan tí wọ́n ní nílé ni. Títí di òní, orúkọ ẹṣin náà ni ayé fi mọ olúwa rẹ̀.

Ní ọdún 1889, ó tún tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí bí a ṣe ń pín ilẹ̀, *Australia for the Australians*. Ìwé náà kò rìn jìnnà, a kò sì ní dúró lórí rẹ̀.

6. Ewì méjì

“Clancy of the Overflow” jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1889. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó bí i. Agbẹjọ́rò náà kọ lẹ́tà sí ọkùnrin kan tí ó jẹ gbèsè, ó sì fi í ránṣẹ́ sí oko ọ̀sìn tí a ń pè ní The Overflow. Ẹlòmíràn ni ó fèsì, ní kíkọ wúruwùru, pé ọkùnrin náà ti da ẹran lọ sí Queensland, àwọn kò sì mọ ibi tí ó wà. Agbẹjọ́rò mìíràn ì bá ki ìwé náà bọ inú fáìlì. Paterson sọ ọ́ di ewì, nínú èyí tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jókòó sí yàrá ọ́fíìsì tóóró kan, tí eruku àti ariwo ìlú ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ó ń fi ojú ọkàn wo Clancy lẹ́yìn agbo ẹran rẹ̀, lábẹ́ ìràwọ̀, tí ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé ì bá dára kí àwọn pààrọ̀ iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ọ́ lójú pé Clancy yóò lè fara da ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ gbèsè ti pòórá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí ewì yìí fi kún òwe náà ni pé ilé tí à ń rántí láti ìdálẹ̀ a máa tutù, a sì máa tàn, ju ilé gan-an lọ.

“The Man from Snowy River” tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1890. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ ẹṣin olówó iyebíye kan já, ó sì lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹṣin ìgbẹ́. Gbogbo ẹlẹ́ṣin tí ó lórúkọ ní agbègbè náà péjọ láti lé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàrin wọn, ẹṣin rẹ̀ kéré, ó rí jágbajàgba, Harrison arúgbó sì ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, pé òkè náà le jù fún un. Clancy, ẹni tí a ti rí nínú ewì ìṣáájú, ni ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n dé bèbè òkè, tí àwọn ògbójú fa ìjánu, tí wọ́n dúró, ọmọ náà kò dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́ náà lórí eré, ó tẹ̀ lé àwọn ẹṣin náà la àfonífojì kọjá, òun nìkan ni ó sì dà wọ́n padà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fiyè sí. Èkíní ni ìlù. Ọ̀rọ̀ ewì náà ń lọ kútúpà-kútúpà bí pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin, nígbà tí ó bá sì dé ibi gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́, kò sí ibi tí òǹkàwé lè mí sí títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Àwa tí a ń pe òwe ní ẹṣin ọ̀rọ̀ kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti di ẹṣin. Èkejì ni pé akọni ìtàn náà kò lórúkọ. Odò tí ó ti wá nìkan ni a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orílẹ̀ ki ènìyàn láìtíì pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí oríṣiríṣi àdúgbò ní ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí fi ń jà pé ọmọ àwọn ni. Àwọn ará Corryong ní Jack Riley ni, ibojì rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1895, ilé iṣẹ́ Angus & Robertson kó àwọn ewì rẹ̀ jọ sínú ìwé *The Man from Snowy River and Other Verses*. Ìpín àkọ́kọ́ tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan, 7,000 ẹ̀dà sì ti lọ láàrin oṣù díẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ pé agbẹjọ́rò kan ni Banjo.

7. Ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀: àríyànjiyàn pẹ̀lú Henry Lawson

Henry Lawson, tí a bí ní ọdún 1867 ní Grenfell níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, jẹ́ ọmọ tálákà. Etí rẹ̀ ti di láti kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó sì fi ń jẹun. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1892 ó tẹ ewì kan jáde nínú *The Bulletin*, “Borderland”, tí ó fi sọ fún àwọn akéwì pé irọ́ ni wọ́n ń pa: igbó tí wọ́n ń yìn, ọ̀dá ni, eṣinṣin ni, obìnrin tí ó dá nìkan wà nínú ahéré láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Paterson fi “In Defence of the Bush” dá a lóhùn pé ìgbà ọ̀dá ni ó lọ, kí ó padà lọ nígbà tí òjò bá rọ̀, àti pé bí ìlú bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó máa gbé ibẹ̀. Àwọn mìíràn bọ́ sí i, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìjà yìí kò korò tó bí ó ti ń dún. Nígbà tí Paterson di àgbàlagbà, ní ọdún 1939, ó ṣàlàyé pé Lawson fúnra rẹ̀ ni ó dá ìmọ̀ràn náà, kí àwọn máa kọ̀wé ta ko ara àwọn, nítorí pé bí ewì bá ti gùn tó ni owó rẹ̀ ń tó. Ó tún sọ gbólóhùn kan tí ó tó láti parí ẹjọ́ náà: ẹsẹ̀ ni Lawson fi rin igbó, òun ni ó ń se oúnjẹ ara rẹ̀, orí ẹṣin ni òun Paterson sì wà, tí oúnjẹ ń dúró dè òun níbikíbi tí òun bá yà sí. Nínú ọdún 1892 kan náà ni Archibald fún Lawson lówó ọkọ̀ lọ sí Bourke, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Hungerford nínú oòrùn; ìtàn kéékèèké tí ó mú bọ̀ wà lára èyí tí ó dára jù ní ilẹ̀ náà. Lójú ẹni tí ó bá ka àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí òpùrọ́ nínú wọn.

8. Orin kan láti Dagworth

Ní ọdún 1895, Paterson lọ sí àdúgbò Winton ní Queensland pẹ̀lú Sarah Riley, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n sì dé sí oko ọ̀sìn Dagworth, ti ìdílé Macpherson. Christina Macpherson ń fi ohun èlò orin olókùn kékeré kan ta orin tí ó gbọ́ níbi eré ẹṣin ní Warrnambool ní ọdún tí ó ṣáájú. Paterson ní òun yóò wá ọ̀rọ̀ sí i. Báyìí ni “Waltzing Matilda” ṣe bẹ̀rẹ̀. “Matilda” níhìn-ín ni ẹrù aṣọ tí alárìnkiri ń gbé. Ohun tí àkọlé náà túmọ̀ sí ni kí a gbé ẹrù ẹni kọ́rùn kí a máa lọ. Alárìnkiri kan ń fi agolo se tíì lẹ́bàá adágún, ó mú àgùntàn kan tí ó wá mumi, ọlọ́sìn ńlá gun ẹṣin dé pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́ta, ọkùnrin náà sì yàn láti bẹ́ sómi ju kí wọ́n mú un lọ.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn orin náà kò jẹ́ eré. Àwọn tí ń rẹ́ irun àgùntàn ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1891 àti ní ọdún 1894 lórí owó iṣẹ́. Ní Dagworth gan-an, wọ́n dáná sun ilé ìrẹ́run ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, wọ́n sì rí òkú ọkùnrin kan, Samuel Hoffmeister, nítòsí omi lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ kan ní ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni orin náà ń sọ lábẹ́lẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé onílẹ̀ ni Paterson ti jókòó jẹun, ẹnu ẹni tí ó jí àgùntàn ni ó sì fi orin náà sí. Òun àti Sarah Riley kò fẹ́ra mọ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ará Ọsirélíà dìbò yan orin orílẹ̀-èdè ní ọdún 1977, orin yìí ni ó gba ipò kejì.

9. Ogun, ìwé ìròyìn àti oko

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1899, Paterson wọ ọkọ̀ lọ sí Gúúsù Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí oníròyìn ogun, ẹni tí ń tẹ̀ lé ọmọ ogun láti máa kọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sílé, nígbà ogun àwọn Boer. Ó dé Ṣáínà ní ọdún 1901. Ó pa iṣẹ́ òfin tì, ó di olóòtú *Evening News* ní Sydney ní ọdún 1903, ó sì gbé Alice Emily Walker níyàwó ní Tenterfield ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún náà. Wọ́n bí Grace àti Hugh. Ní ọdún 1905 ó tẹ *The Old Bush Songs* jáde, àkójọ orin tí àwọn ará igbó ti ń kọ láìsí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó dá wọn, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ewì alohùn kò lè ṣàì dúpẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1908 ni ó wá ṣe ohun tí Clancy ti ń pè é sí: ó fi ìlú sílẹ̀, ó gba oko ọ̀sìn Coodra Vale nítòsí Wee Jasper, lẹ́yìn náà ó gbin àlìkámà nítòsí Grenfell, ìlú tí a bí Lawson sí. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ó wa ọkọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì lọ sí Íjíbítì pẹ̀lú ẹgbẹ́ ológun tí ń kọ́ ẹṣin tí a kò tíì gùn rí. Ó padà sílé ní ọdún 1919.

10. Ìgbẹ̀yìn ọjọ́

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 1930. Ó kọ ewì ọmọdé, *The Animals Noah Forgot*, ní ọdún 1933, ó sì kọ ìrántí àwọn ènìyàn ńlá tí ó ti pàdé, *Happy Dispatches*, ní ọdún 1934. Oyè CBE dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọdún 1939. Ó kú ní Sydney ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1941, nígbà tí ó ku ọjọ́ 12 kí ó pé ẹni ọdún 77.

Nígbà tí Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í ná dọ́là ní ọdún 1966, àwòrán Lawson ni wọ́n tẹ̀ sí owó dọ́là mẹ́wàá. Ní ọdún 1993, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náà, ti Paterson ni wọ́n tẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ “The Man from Snowy River” sí ara rẹ̀ ní lẹ́tà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè kà á.

Àwọn kókó

Igbó Ọsirélíà ni gbogbo ibi tí kì í ṣe ìlú ńlá. Ewì igbó ni ewì onítàn tí ó ń sọ ìgbé-ayé ibẹ̀. Illalong àti Binalong fún Paterson ní ohun tí yóò sọ, Rockend fún un ní ọgbọ́n ọ̀rọ̀, ọ́fíìsì Sydney sì fún un ní àárò ilé. Lawson kọ igbó bí ẹlẹ́sẹ̀ ti rí i, Paterson kọ ọ́ bí ẹlẹ́ṣin ti rí i.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: igbó, ewì igbó, alárìnkiri, orúkọ ìkọ̀wé?
2. Ṣàlàyé bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1861 ṣe dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́sìn ńlá àti àwọn àgbẹ̀ kékeré.
3. “Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.” Fi òwe yìí ṣàlàyé orúkọ mẹ́ta tí Paterson jẹ́: Andrew, Barton àti The Banjo.
4. Lẹ́tà gbèsè kan di ewì. Sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o sì sọ ohun tí akéwì yọ kúrò nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti ohun tí ó fi kún un.
5. Kí ni ìdí tí akọni “The Man from Snowy River” kò fi lórúkọ? Fi ìdáhùn rẹ wé bí a ti ń lo oríkì orílẹ̀.
6. Pín kíláàsì sí méjì. Kí apá kan gbèjà Lawson, kí apá kejì gbèjà Paterson, kí ẹnikẹ́ni má sì bú ẹnikẹ́ni.
7. Bí ọdẹ kan bá wà ní àdúgbò rẹ tí ó mọ ìjálá sun, lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó sun díẹ̀ fún ọ, mú ìwé àti gègé dání, kọ ohun tí ó bá sọ nípa ẹranko kan sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.